Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ Dísìkì Lára Server Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́wọ́, Láìpa Iná, Láìsọ Dátà Nù

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá: "Dísìkì kan ti ń ṣe ségesège lára server wa, àwọn èèyàn sì ń lò ó lọ́wọ́. Ṣé mo lè fà á yọ báyìí?" Ẹ lè fà á yọ. Àmọ́ ọwọ́ ló ń gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí. Kí ọwọ́ tó kan dísìkì, gbogbo ohun tó ń lò ó lórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá yín lójú pé èyí tí ẹ fẹ́ yọ gan-an lẹ dì mú. Nínú méjèèjì, àìmọ èyí tó tọ́ ló burú jù. Ẹni tó yọ dísìkì tó tọ́ kí àkókò tó tó ṣì lè rí ọ̀nà gbé e gbà. Ẹni tó lọ yọ èyí tó yè nínú RAID 5 (dísìkì mélòó kan tí wọ́n so pọ̀, kí dátà má baà sọnù bí ọ̀kan bá kú) tí ọ̀kan ti kú nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà ńlá.

Linux ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ti Windows wà nísàlẹ̀ ní ṣókí. Root, ìyẹn alákòóso àgbà ẹ̀rọ, ló ń pa gbogbo àṣẹ tó wà níbí. Níbi tí mo bá ti kọ `sdc` (dísìkì), `md0` (RAID), `/data` (folda tí ẹ so dísìkì mọ́) tàbí `tank` (àkójọ dísìkì ti ZFS), orúkọ tiyín ni kí ẹ fi síbẹ̀.

## Ṣé ẹ̀rọ yín gbà kí á yọ ọ́ báyẹn?

Kì í ṣe gbogbo dísìkì ló ṣeé yọ nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ.

- SAS àti SATA (irú ìsopọ̀ dísìkì méjì) tó wà nínú tíréè tí à ń fà láti iwájú server: ó ṣeé yọ, ohun tí wọ́n ṣe tíréè náà fún nìyẹn. Nínú ìsopọ̀ SATA, irin ti earth gùn ju àwọn yòókù lọ, kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kan ara, tí yóò sì já kẹ́yìn.
- SATA tí wáyà so mọ́ motherboard nínú àpótí: ó sinmi lórí BIOS (ètò tó ń dìde ṣáájú Linux). Ipò AHCI ló gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì ti tan hot-plug (àyè láti yọ dísìkì nígbà tí iná wà) fún ojú ihò yẹn gan-an. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ pa server.
- NVMe (dísìkì tó ń gba PCI ṣiṣẹ́) tó ń wọlé láti iwájú (U.2, U.3): ó sábà máa ń ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo apá NVMe nísàlẹ̀.
- M.2 tí wọ́n fi ìdè dè mọ́ motherboard: rárá o. Ẹ pa server, kí ẹ yọ wáyà iná pẹ̀lú.
- IDE àtijọ́, tó ní wáyà pẹlẹbẹ fífẹ̀: rárá.

Àwọn tó ń ṣe server máa ń kun ìdìmú àwọn ohun tó ṣeé yọ ní àwọ̀ kan, kí wọ́n fi òmíràn kun èyí tí kò ṣeé yọ. Àwọ̀ ilé iṣẹ́ kan ò bá ti èkejì mu, nítorí náà ẹ wo ìwé server tiyín.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- [ ] Ẹ̀dà ìpamọ́ wà, ẹ sì ti gbìyànjú láti dá fáìlì kan padà láti inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ní ó wà ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán wò, ẹ má kà á sí.
- [ ] Ẹ mọ iye dísìkì tí RAID yín lè pàdánù: RAID 0, kò sí ìkankan, RAID 5, ọ̀kan, RAID 6, méjì, RAID 1 oníméjì, ọ̀kan.
- [ ] `cat /proc/mdstat` fi `[UU]` hàn. Bí ẹ bá rí `[U_]`, ọ̀kan ti kú nìyẹn. Èyí tó kú nìkan lẹ lè yọ.
- [ ] Memory kò há. Ẹ pa `vmstat 1`, kí ẹ wo òpó `si` àti `so` fún ìṣẹ́jú kan. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ kò bá dúró sí 0, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fara balẹ̀ ná.
- [ ] Inú `tmux` tàbí `screen` lẹ wà, kí iṣẹ́ má baà dá dúró lágbede méjì bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já.
- [ ] Bó bá jẹ́ dísìkì tí server fi ń dìde ni, èkejì rẹ̀ náà ní GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde) lórí. Server lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí wàhálà lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́, kó wá kọ̀ láti dìde lọ́jọ́ tí ẹ bá tún un tàn. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo BIOS, `grub-install /dev/sdb` ló ń tún un ṣe.

## Ẹ dá dísìkì náà mọ̀ dájú

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù.

1. Ẹ pa àṣẹ yìí:

   `lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL,FSTYPE,MOUNTPOINT`

2. Ẹ kọ nọ́ńbà SERIAL sórí bébà. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé `sdc`, torí orúkọ yẹn lè yí padà nígbàkígbà tí server bá dìde. Nọ́ńbà SERIAL kì í yí padà. `smartctl -i /dev/sdc` máa fi nọ́ńbà kan náà hàn. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ dúró, kí ẹ wádìí.

3. Ẹ tan iná ìdámọ̀ tó wà lára tíréè:

   `ledctl locate=/dev/sdc`

   Inú package tó ń jẹ́ `ledmon` ni àṣẹ yìí wà. Bí server yín ò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí dísìkì máa kàwé kí iná iṣẹ́ rẹ̀ lè máa ṣẹ́jú:

   `dd if=/dev/sdc of=/dev/null bs=1M`

   Ẹ ka àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter. Orúkọ dísìkì kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́yìn `of=` láéláé. Ctrl+C ló ń dá a dúró.

4. Bí dísìkì bá ti kú pátápátá, kò ní lè ṣẹ́jú. Ẹ yí i po: ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn tó yè máa kàwé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí iná rẹ̀ dúró gbári láàárín wọn lẹ ń wá.

5. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló dúró níwájú server, tí ẹ̀yin wà lórí fóònù, ẹ má sọ pé "èyí tó wà nípò kẹta". Server míì ń ka ipò láti 0, ẹlòmíràn ń kà á láti 1. Òkè sísàlẹ̀ ni ẹnìkan ń kà, ẹnìkejì ń kà láti òsì sọ́tùn-ún. Ẹ ní kó sọ èyí tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú fún yín. Ẹ pa iná náà, kí ẹ bi í bóyá ó ti kú lójú tirẹ̀. Ẹ tún un tàn. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tọ́ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dísìkì kan náà lẹ jọ ń wò nìyẹn.

Wàhálà kan wà níbẹ̀: orí dísìkì gan-an ni wọ́n sábà máa ń lẹ SERIAL mọ́, kò sì ṣeé kà títí ẹ ó fi fà á yọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí àyè pa server, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ iwájú tíréè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn SERIAL sí i. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, àmọ́ lóru ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ máa mọyì ẹ̀.

## Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ jọ̀wọ́ dísìkì náà

Ẹ yan ọ̀nà tó bá ti yín mu. Ọ̀pọ̀ ló ń dà wọ́n pọ̀: bí dísìkì bá jẹ́ ọ̀kan nínú RAID tó ní ẹnìkejì, ẹ ò nílò láti pa `umount`. RAID lódindi ló wà lórí `/data`, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. `umount` wà fún dísìkì tó dá dúró.

### Dísìkì tó dá dúró

1. Ẹ wo àwọn tó ń lò ó: `fuser -vm /data` tàbí `lsof +f -- /data`.
2. Ẹ fi `systemctl stop` dá iṣẹ́ tó ń lò ó dúró. Ẹ má gbàgbé container, folda tí ẹ fi NFS pín, àti bind mount.
3. Ẹ pa `umount /data`. Bó bá dáhùn pé `target is busy`, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara yín: lọ́pọ̀ ìgbà, inú `/data` ni tẹ́mínà tí ẹ fi ń pàṣẹ wà. Ẹ pa `cd /`, kí ẹ tún gbìyànjú.
4. Ẹ wo `swapon --show`. Bí swap (àyè lórí dísìkì tí memory ń da ẹrù sí) bá wà lórí rẹ̀, `swapoff /dev/sdc2`.
5. Bí ẹ bá fi LUKS (ètò tó ń sọ dátà di àdììtú) tì í, `cryptsetup close` pẹ̀lú orúkọ tí ẹ fi ṣí i.
6. Ẹ ṣí `/etc/fstab`, kí ẹ fi `#` ṣíwájú ìlà dísìkì náà. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, nígbà tí server bá máa dìde, yóò dúró de dísìkì tí kò sí mọ́, yóò sì já sí emergency mode.
7. Ẹ pa `lsblk /dev/sdc`. Kò gbọ́dọ̀ sí ohunkóhun lábẹ́ àwọn ìpín rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí MOUNTPOINT kankan.

Ẹ ṣọ́ra fún `umount -l`. Ó máa dà bíi pé ó ti ṣiṣẹ́, torí `/data` á pòórá lójú yín. Ṣùgbọ́n ètò tó ti ṣí fáìlì síbẹ̀ ṣì ń kọ nǹkan sínú dísìkì lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ lásìkò yẹn, ó dà bí ìgbà tí ẹ fa àga lábẹ́ ẹni tó jókòó. `fuser -k` náà nìyẹn: gbogbo ohun tó bá ń lo ibẹ̀ ló ń pa, títí kan database tí ò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

### Dísìkì inú RAID ti mdadm (èyí tí Linux fúnra rẹ̀ ń darí)

```
mdadm /dev/md0 --fail /dev/sdc1
mdadm /dev/md0 --remove /dev/sdc1
cat /proc/mdstat
```

Dísìkì kan lè wà nínú `md0`, `md1` àti `md2` lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ọ́ nínú gbogbo wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á yọ `sdc1`, wọ́n á gbàgbé `sdc2`.

Bí dísìkì náà ò bá tíì kú, tí àyè òfo sì wà lára server, ẹ má pa `--fail` rárá. Ẹ kọ́kọ́ ki tuntun bọ ibẹ̀, kí ẹ wá ṣe báyìí:

```
mdadm /dev/md0 --add /dev/sdd1
mdadm /dev/md0 --replace /dev/sdc1 --with /dev/sdd1
```

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Dísìkì àtijọ́ á wà lẹ́nu iṣẹ́ títí tuntun á fi da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ, RAID ò sì ní wà láìní aláàbò fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá pa `--remove`.

### LVM

LVM ni ètò Linux tó ń da dísìkì pọ̀ kó tó pín àyè wọn. `pvmove /dev/sdc1` á kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí dísìkì yòókù, lẹ́yìn náà `vgreduce vg0 /dev/sdc1`, kí ẹ wá fi `pvremove /dev/sdc1` parí ẹ̀. `pvmove` lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ pa `pvmove` lásán, láìfi orúkọ dísìkì sí i, yóò tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé.

### ZFS

ZFS jẹ́ ètò ìtọ́jú fáìlì tó ń darí dísìkì fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa `zpool status`, kí ẹ da orúkọ dísìkì kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà `zpool offline tank` pẹ̀lú orúkọ yẹn. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó lè gbé ẹrù rẹ̀, ZFS fúnra rẹ̀ á kọ̀.

### Káàdì RAID

Bó bá jẹ́ káàdì ló ń darí RAID, `sdc` tí Linux ń rí kì í ṣe dísìkì kan ṣoṣo. Gbogbo RAID lódindi ni. Ẹ má ṣe pa àṣẹ tó wà fún dísìkì adádúró lé e lórí. Ètò káàdì náà ni kí ẹ lò. Fún àwọn tó ń lo `storcli`, báyìí ló ṣe ń lọ fún ihò 3 nínú àpótí 252:

```
storcli /c0/e252/s3 set offline
storcli /c0/e252/s3 set missing
storcli /c0/e252/s3 spindown
storcli /c0/e252/s3 start locate
```

## Ẹ sọ fún kernel pé ó ti ń lọ

Kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń bá dísìkì sọ̀rọ̀. SAS àti SATA nìkan lèyí wà fún. Bí káàdì RAID lẹ lò, ẹ fo ibí yìí.

1. `sync`
2. `blockdev --flushbufs /dev/sdc`
3. `echo 1 > /sys/block/sdc/device/delete`
4. `dmesg | tail`

Nínú `dmesg`, ẹ máa rí `Synchronizing SCSI cache`, lẹ́yìn rẹ̀ `Stopping disk` (SAS lè má fi ìkejì yìí hàn). Nígbà tí ẹ bá rí méjèèjì, dísìkì ti kó ohun tó kù nínú cache rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti ń dúró. `lsblk` ò ní fi hàn mọ́.

Bí ẹ bá ń lo `sudo`, `sudo echo 1 > ...` ò ní ṣiṣẹ́, torí `echo` nìkan ni `sudo` ràn lọ́wọ́, kò ran àmì `>` lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

`echo 1 | sudo tee /sys/block/sdc/device/delete`

Lẹ́yìn àṣẹ yìí, `ledctl` lè má dá dísìkì náà mọ̀ mọ́. Ẹ rí i pé iná ìdámọ̀ ti ń tàn ṣáájú, kí ẹ sì lẹ nǹkan mọ́ iwájú tíréè náà.

## Ó wá kan ọwọ́

1. Ẹ so okùn ọwọ́ tó ń gbé iná ara lọ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fọwọ́ kan irin ara server níbi tí wọn ò ti kùn ún.
2. Ẹ tẹ ìdè tíréè, kí ẹ fà á jáde díẹ̀, bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ dúró níbẹ̀.
3. Ẹ ka 30 sí ara yín. Bó bá jẹ́ dísìkì oníwíìlì, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé nǹkan ṣì ń yí nínú rẹ̀; bí ẹ bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásìkò yẹn, á máa bá yín jà. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ pátápátá. SSD ò ní wíìlì.
4. Ẹ wo tẹ́mínà kí ẹ tó fà á tán. Kò gbọ́dọ̀ sí ìkìlọ̀ tuntun nínú `dmesg`, `/proc/mdstat` ò sì gbọ́dọ̀ yí padà.
5. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀, kí ẹ fà á jáde. Ẹ ka SERIAL orí rẹ̀ mọ́ èyí tó wà lórí bébà yín.
6. Ẹ fi tuntun tàbí tíréè òfo dí ihò náà. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ fáànù á máa gba ibẹ̀ lọ, àwọn dísìkì yòókù á sì máa gbóná.

## NVMe

Jíjọ̀wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òkè, kernel ni kì í ṣe bákan náà. Ẹ fi `nvme list` mọ SERIAL rẹ̀, kí ẹ wá ìpò rẹ̀ lórí PCI:

`cat /sys/class/nvme/nvme1/address`

Ká ní ó dáhùn pé `0000:3b:00.0`. Ẹ pa `grep . /sys/bus/pci/slots/*/address` láti mọ nọ́ńbà ihò tó ní `0000:3b:00`. Bó bá jẹ́ 7:

`echo 0 > /sys/bus/pci/slots/7/power`

Àṣẹ yẹn ń gé iná ihò náà. Bí ihò náà ò bá hàn níbẹ̀ rárá, àṣẹ kejì wà, `echo 1 > /sys/bus/pci/devices/0000:3b:00.0/remove`, ṣùgbọ́n ìyẹn kàn ń mú kí kernel gbàgbé rẹ̀ ni, kò gé iná. Ẹ wo ìwé server kí ẹ tó fà á lẹ́yìn rẹ̀.

## Windows Server

`Get-Disk | Select Number, SerialNumber, Size` nínú PowerShell, kí ẹ bá SERIAL tiyín, lẹ́yìn náà `Set-Disk -Number 2 -IsOffline $true`. Bí Storage Spaces lẹ ń lò, ẹ fi `Set-PhysicalDisk` sọ dísìkì náà di `Retired`, kí ẹ pa `Repair-VirtualDisk`, kí ẹ sì dúró kó parí kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

## Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fà á yọ ńkọ́?

Ẹ má tún server tàn, ẹ má sì máa kì í wọlé kì í jáde.

- Dísìkì adádúró: ètò tó ń lò ó lè há sí ipò `D` (ó ń dúró de dísìkì), tí `kill -9` ò ní ràn án. Bí ẹ bá dá dísìkì náà padà, ó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí `sdd`, torí àwọn kan ṣì di `sdc` mú. Ibí gan-an ni `umount -l` ti wúlò. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó tún un so mọ́ `/data`, `fsck` fún ext4. Fún XFS, ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ kó lè fúnra rẹ̀ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ `xfs_repair` wà fún ìgbà tó bá kọ̀.
- Ọ̀kan nínú RAID tó pé: ẹ dá a padà, kí ẹ pa `mdadm /dev/md0 --re-add /dev/sdd1`. Bí RAID náà bá ní bitmap (àkọsílẹ̀ ibi tó yí padà), ibi tó yí padà nìkan ló máa tún kọ.
- Èyí tó yè nínú RAID tó ti pàdánù ọ̀kan: ẹ má pa `mdadm --create`, bó ti wù kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ tó. Ẹ pa `mdadm --examine` lórí gbogbo wọn, kí ẹ kọ iye `Events` ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí nọ́ńbà wọn bá súnmọ́ra, `mdadm --assemble --force` lè gbé e dìde. Bí dátà náà bá ṣe pàtàkì, ẹ da gbogbo dísìkì náà kọ sórí òmíràn ná.

## Bí tuntun ṣe ń wọlé

Tuntun ò gbọ́dọ̀ kéré sí àtijọ́. Bí kernel ò bá rí i fúnra rẹ̀, `echo "- - -" > /sys/class/scsi_host/host0/scan`. Ẹ yí `host0` sí èyí tó bá ti yín mu.

Láti da ètò ìpín kọ láti ara `sda` tó yè sórí `sdd` tuntun:

```
sgdisk -R /dev/sdd /dev/sda
sgdisk -G /dev/sdd
```

Ẹ fara balẹ̀ wo ìlà àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀lé `-R` ni yóò gba nǹkan sára, èyí tó gbẹ̀yìn ni à ń dà kọ. Bí ẹ bá yí wọn padà, òfo dísìkì tuntun lẹ máa dà sórí èyí tó ní dátà.

Ẹ wá pa `mdadm /dev/md0 --add /dev/sdd1`, kí ẹ máa wo `/proc/mdstat`. Ẹ má yọ dísìkì mìíràn títí ìṣirò ibẹ̀ á fi parí tí `[UU]` á fi padà. Bó bá jẹ́ dísìkì tí server fi ń dìde, `grub-install` lórí tuntun pẹ̀lú. Ẹ fi `ledctl locate_off=/dev/sdd` pa iná ìdámọ̀ ihò náà bó bá ṣì ń tàn.

Dísìkì àtijọ́ ṣì ní dátà lórí. Bó bá ṣì ń dáhùn, ẹ fi `shred` pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn, kì í ṣe lórí server yìí; SSD ní tirẹ̀, àṣẹ ìparẹ́ tó wà nínú òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò, bíi `nvme format` pẹ̀lú `--ses=1` fún NVMe. Bí kò bá dáhùn mọ́, tí ẹ ò sì fi LUKS tì í, ẹ fọ́ ọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.